Fíìmù Àkúdàáyà Tí Bàbá Mi Wò Dópin

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Bantè, lọ́dún tí ìyá mi kú, fíìmù kan wà tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, òun ni mo fẹ́ kí ẹ wò lóru ọjọ́ kan, nígbà tí ilé bá ti pa rọ́rọ́.

Aránṣọ kan ládùúgbò wa ló ní fídíò àti ẹ̀rọ amúnáwá. Àwọn oníṣòwò ló ń bá a mú kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti Nàìjíríà. Nínú fíìmù yìí, ìyàwó ọkùnrin kan kú, wọ́n sin ín, ọkọ rẹ̀ wá lọ bá a ní ìlú òkèèrè, níbi tí obìnrin náà ti ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Kò sí ariwo, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí iwin oníwo. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ lórí okùn, obìnrin náà ń fún omi kúrò lára aṣọ, kò gbójú sókè. Àwọn èèyàn tó wá wòran kùn, wọ́n ń dìde lọ. Aránṣọ fẹ́ yọ kásẹ́ẹ̀tì, ni bàbá mi, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá mi, bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí."

Àwa méjèèjì la wò ó tán. Mi ò sunkún.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, bàbá mi gbé mi sórí alùpùpù, ó di ọjà ìlú Savalou. Ẹnìkan ti sọ fún un pé òun rí obìnrin kan níbẹ̀ tó jọ ìyá mi. A rí i lóòótọ́. Ó kọ̀yìn sí wa, ó ń wọn gàrí. Ọrùn ìyá mi ni, èjìká ìyá mi ni. Bàbá mi dúró, kò lè pè é. Èmi ni mo ní, "Màmá." Obìnrin náà yíjú padà, ó fi èdè Mahi kí wa. Kì í ṣe òun.

Bàbá mi ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Ó ti lọ nìyẹn." Nígbà tí a délé, ó po gàrí náà, ó ní kí n wá bá òun jẹ.

Fíìmù náà ti wà lórí fóònù báyìí. Ẹ pa iná, ẹ má fo ibì kankan, ẹ má sì retí pé yóò dẹ́rù bà yín. Láyé ìgbà yẹn, a kò ní fọ́tò ìyá mi kankan. Ara àwọn ẹlòmíràn la ti ń wá ojú rẹ̀. Lónìí, àwòrán gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀ wà lọ́wọ́ yín, àti ohùn wọn pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá kú, kò sẹ́ni tó ń gun alùpùpù lọ wá a mọ́.