Wọ́n Ní Kí N Má Gbá Eruku Náà

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro tèmi fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ṣì rú mi lójú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bóyá bí mo bá kọ ọ́ tán, yóò yé mi. Bí kò bá yé mi, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ ó là mí lóye.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Èrúwà wá sí Ìgbó-Ọrà, ẹ ó ti rí ilé iṣẹ́ ìgò kan lẹ́bàá ọ̀nà, tó ní ọ̀pá èéfín gàgàrà. Ilé wa kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, a yọ̀ o! Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé iyanrìn ni wọ́n ń sè tó ń di ìgò. Èmi náà kà á ní sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́ títí mo fi fojú ara mi rí i. Iyanrìn, òkúta lílọ̀, àti ìyẹ̀fun funfun kan bí iyọ̀, wọn á dà á sínú iná ìléru, gbogbo rẹ̀ á sì yọ́ bí òrí.

Iná ọ̀hún kì í kú. Lọ́jọ́ ìsinmi, lọ́jọ́ ọdún, ó ń jó. Èéfín rẹ̀ náà kì í sinmi. Tí ẹ bá sá aṣọ ní àárọ̀, ní ọ̀sán, eruku funfun ti wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá fi ahọ́n kàn án, á ta yín lẹ́nu.

Bọ́lá, ọmọbìnrin mi, kò ju ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ lọ nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ mọ ikọ́ òtútù. Èyí kì í ṣe ikọ́ òtútù. Àyà rẹ̀ á máa dún fíín-fíín bí fèrè tí ọmọdé ń fọn, ojú rẹ̀ á sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mú afẹ́fẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn bi mí pé àdúgbò wo là ń gbé. Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní àwa ìyá àdúgbò yẹn ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ òun. Ó ní òun lè fún ọmọ ní oògùn, ṣùgbọ́n òun ò lè fún un ní afẹ́fẹ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Mo mú bírò. Ìwé tí bàbá mi rán mi lọ kà, ọjọ́ wo ni mo fẹ́ lò ó?

Mo kọ lẹ́tà sí káńsù. Káńsù ní àwọn ló ni ààtàn, àwọn ló ni gọ́tà, ṣùgbọ́n àwọn kò ni èéfín. Kí n kọ sí Ìbàdàn. Mo kọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní ó kan ọ́fíìsì mìíràn, àwọn tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn yẹn ní bí èéfín bá ń ṣe òṣìṣẹ́ inú ilé iṣẹ́, ó kan àwọn. Ṣé òṣìṣẹ́ ni Bọ́lá? Ọmọ ọdún kan àtààbọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, bí èéfín bá ti jáde lẹ́nu ọ̀pá, ta ló ni ín?

Mo ń kọ, mo tún ń kọ, títí ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ ìlera ní Ìbàdàn fi dá mi lóhùn. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú láti wá wo èéfín náà àti eruku rẹ̀.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe o! Mo mú lẹ́tà náà lọ fún baálẹ̀ àdúgbò wa, kí wọ́n má baà sọ pé mo fò wọ́n dá. Wọ́n bi mí pé irú èèyàn wo ló ń bọ̀. Mo ní ọ̀gá elétò ìlera ni. Wọ́n ní, "Ṣé wolé-wolé?" Mo ní, "Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, Bàbá." Yéè! Ẹnu mi ló kó bá mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, alágogo ti ń ké kiri pé wolé-wolé ń bọ̀ láti Ìbàdàn, kí oníkálukú tún ilé rẹ̀ ṣe!

Ẹ̀yin náà kúkú mọ wolé-wolé. Òun ló ń yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíji. Bó bá rí ẹyọ kan, kóòtù ni. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi tí à ń bá gbé, wọ́n ti mú wọn lọ sí kóòtù rí nítorí tanwíji, nígbà tí Bàbá Bọ́lá ṣì kéré. Wọn kò gbàgbé ìtìjú ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ìgbálẹ̀ ń dún káàkiri àdúgbò bí òjò. Wọ́n gbá àgbàlá, wọ́n gbá orí páànù, wọ́n bu omi wẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀! Mo ní, "Ìyá, eruku yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò." Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún mú mi lẹ́ẹ̀kejì ni? Níbo lo ti gbọ́ pé wolé-wolé rí ìdọ̀tí tí kò bínú?"

Ẹ ó rò pé èmi tí mo kàwé, èmi tí mo kọ lẹ́tà, n óò ká ọwọ́ gbera. Rárá o! Mo wo ilé tòsí, ó ń dán. Mo wo tèmi. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ṣé ilé tèmi nìkan ni àlejò yóò bá ní ìdọ̀tí? N kò mọ ìgbà tí mo mú kànrìnkàn. Mo fọ fèrèsé. Mo nu ewé ìbẹ́pẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wẹ̀ fún Bọ́lá, mo fi àdí pa á láyà, mo wọ gáùn funfun fún un.

Ọ̀gá dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ awò ojú. Ó mú páálí kan jáde tí wọ́n fa ìlà dúdú sí, ibì kan fẹ́ẹ́rẹ́, ibì kan ṣú dùdù. Ó nà á sókè sí ojú ọ̀run. Ó wo èéfín, ó wo páálí, ó tún wo èéfín.

Ìyá Sùnmọ́nù, aládùúgbò mi, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ìyá Bọ́lá, ṣé aṣọ ló fẹ́ rán fún èéfín ni, tó ń wá àwọ̀ tó bá a mu?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá ṣàlàyé, ẹ̀rín mi gbẹ. Ó ní páálí náà ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀ṣẹ̀ èéfín. Bó bá ṣe dúdú tó ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣe tó. Èéfín ọjọ́ náà sì rèé, funfun ni. Ó ní funfun kò ní nọ́ńbà nínú páálí òun.

Mo ní, "Ọ̀gá, funfun yẹn ló ń ṣe ọmọ mi." Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí páálí ni òun lè kọ sílẹ̀.

Mo bi í pé ṣé wọn ò lè pa iná náà ni? Ó mú wa dé ẹnu géètì. Máníjà wọn jáde, ó kí wa dáadáa, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní bí iná bá kú, ohun tó yọ́ nínú ìléru yóò dì síbẹ̀ bí ẹ̀kọ ṣe ń dì sínú ìkòkò, ìléru yóò sán, àfi kí wọ́n wó o. Ọkọ Ìyá Sùnmọ́nù wà nínú àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì bu iyanrìn níbẹ̀. Ìyá Sùnmọ́nù ń wo ojú mi. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n wí?

Ọ̀gá padà sílé wa, ó ní eruku tí mo kọ sínú lẹ́tà dà. Ó fi ìka nu ojú fèrèsé. Kò sí nǹkan. Ó di ewé ìbẹ́pẹ mú. Omi ló ń kán lára rẹ̀. Bọ́lá tí mo ní kò lè mí, adìyẹ ló ń lé kiri àgbàlá, kò wúkọ́ ẹyọ kan!

Ó wò mí títí. Ó ní, "Mísíìsì, ẹ ti wẹ̀ fún ẹlẹ́rìí yín, ẹ sì ti sìn ín sọ́nà."

Kí n tó lanu, Ìyá Àgbà ti yọ. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ìkòkò omi mi! Tanwíji kan ò sí níbẹ̀!" Ọ̀gá bá wọn lọ wò ó. Ó kí wọn kú iṣẹ́.

Kó tó lọ, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbé abọ́ tánńganran funfun kan sórí òrùlé ilé ìdáná, kí n má bò ó, kí n má fọ̀ ọ́, kí n má gbá a, fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ohunkóhun tó bá kó sínú rẹ̀, kí n rọ ọ́ sínú ìgò, kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Bí páálí kò bá mọ funfun, ó ní òṣùwọ̀n yóò mọ̀ ọ́n.

Mo gbé abọ́ sókè. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá a ní ìdojúdé nínú agbọ̀n àwo, ó ń dán gbinrin! Ìyá Àgbà ní àwo ìyàwó òun kò ní máa sùn síta bí àwo ilé ọ̀lẹ. Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́, wọ́n ní kò burú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún fọ̀ ọ́! Ọwọ́ wọn ló sáré ju etí wọn lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. N kò lè bínú sí wọn, ṣebí èmi náà nu ewé ìbẹ́pẹ?

Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ́lá wà lórí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lọ́dẹ̀dẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìgò ń da ìyẹ̀fun sínú ìléru, atẹ́gùn sì kọjú sí wa. Mo gbọ́ igbe. Nígbà tí mo fi máa sáré dé, ètè ọmọ mi ti ń dúdú, ó ń la ẹnu, nǹkan kan ò wọlé. Ìyá Àgbà tí ń ráhùn eékún láti ọjọ́ yìí, wọ́n gbé ọmọ náà pọ̀n, wọ́n sáré ṣáájú mi dé ilé ìwòsàn! Nọ́ọ̀sì fún un lábẹ́rẹ́. A jókòó, à ń ka èémí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi sùn.

Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà kò wọlé. Wọ́n lọ dúró sí iwájú ilé ìdáná, wọ́n gbójú sókè wo abọ́ náà.

"Ìyá Bọ́lá."

"Ẹ̀ẹ́n, Ìyá."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

Mo ní ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Láti ọjọ́ náà, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn síbẹ̀. Adìyẹ kò gbọdọ̀ fò, ẹyẹ kò gbọdọ̀ bà. Bí ọmọdé bá kọjá, wọ́n á na ọ̀pá, "Ẹ má fọwọ́ kan ìdọ̀tí ìyàwó mi o!"

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo fi ránṣẹ́. Ìgò ọ̀hún gan-an, ilé iṣẹ́ wọn ló ti wá!

Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ìjọba ti pàṣẹ ohun méjì fún ilé iṣẹ́ ìgò náà: kí wọ́n gbé ọ̀pá èéfín ga sí i, kí wọ́n sì máa fi omi rin ìyẹ̀fun náà kí wọ́n tó dà á síná. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́. Ìkejì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn ga! Eruku dín kù lára aṣọ wa. Fèrè inú àyà Bọ́lá dákẹ́. Mo dúpẹ́, mo jó, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, Màámi, abúlé oko lápá Ìdèrè ni wọ́n wà. Orí àpáta ni wọ́n ti máa ń sá láfún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá kí wa, wọ́n gbé láfún wá fún mi. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n tú u, wọ́n ní, "Bísí, ìwọ tó kàwé, ọyẹ́ wo ló ń jà nígbà òjò?"

Mo wò ó. Mo fi díẹ̀ sẹ́nu. Ó ta mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ eruku tó ń ta báyẹn!

Mo jáde síta, mo wo ẹnu ọ̀pá náà. Èéfín gba orí wa kọjá, kò yà, ó ń lọ sí apá Ìdèrè. Mo ti ń jó láti ìgbà yìí wá, àṣé ọ̀dọ̀ Màámi ni mo kó eruku náà lọ. Ṣé mo jàre ni àbí mo jẹ̀bi? Ọmọ mi ń mí. Kí ni kí n tọrọ àforíjì fún? Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ̀.

Màámi ní kí n má dààmú, pé bí àwọn bá délé, àwọn yóò gbá àpáta náà, àwọn yóò fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kí wolé-wolé mi má baà bá àwọn ní ìdọ̀tí.

Bí Màámi ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, Ìyá Àgbà dìde lórí àpótí. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé abọ́ tánńganran náà jáde, wọ́n fi lé Màámi lọ́wọ́.

"Àna mi, ẹ má gbá a o. Ẹ gbé èyí sórí àpáta. Kí ẹ jókòó tì í."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ohun tí ń pa wá lára, kí a má máa tètè gbá a mọ́ nítorí ojú àlejò. Bó bá sì kúrò lọ́dọ̀ wa, kí a bèèrè ibi tó lọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí? Ẹni tó bá mọ ọ́fíìsì tó ni èéfín, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sí mi. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi, abọ́ sì ti wà lórí àpáta.