Ẹ̀yìn Ọwọ́ Lára Irin Gbígbóná

Òórùn àlùbọ́sà tó jó ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi gbàgbé ìkòkò lórí iná nítorí pé àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ajórin wa ní Kossodo, nílùú Ouagadougou. Ó ń rẹ́rìn-ín pé ọkọ̀ ojú omi tí à ń kàn ti ba ọbẹ̀ òun jẹ́.

Olówó kan ní àdúgbò Ouaga 2000 ló fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà gbafẹ́ lórí adágún. Irin ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, alumíníọ́mù ni ilé orí rẹ̀. A kì í lè jó àwọn méjèèjì pọ̀ lásán. Àárín wọn la fi ọ̀pá pẹlẹbẹ kan sí, ojú kan irin, ojú kejì alumíníọ́mù; ìbúgbàù ẹ̀tù ni wọ́n fi kàn wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Bí iná bá pọ̀ jù lára ọ̀pá náà, yóò là. Nítorí náà, bí mo bá ti jó díẹ̀, ìyàwó mi á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò bóyá ó ti tutù, á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀:

"Ẹ dúró, patron! Ṣé ẹran lẹ rò pé ẹ ń sun ni?"

"Ó ti tutù."

"Ọwọ́ yín ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìkánjú yín?"

Lọ́sàn-án, ó gun alùpùpù lọ ra búrẹ́dì dípò ọbẹ̀ tó jó. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó màlúù lọ sí ilé ìpẹran gbá a lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo gbọ́ igbe irin kí n tó gbọ́ igbe ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ inú iyanrìn, táyà alùpùpù ṣì ń yí. Mo fi òòlù fọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà, mo wọ́ awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, mo sì lù ú títí eyín rẹ̀ fi yọ. "Pardon, tonton, pardon," ló ń ké, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni ń bẹ bàbá rẹ̀. Ká ní àwọn aládùúgbò kò fà mí sẹ́yìn ni, ǹ bá pa á.

Ọjọ́ tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, òòlù yẹn náà ni mo gbé. Mo fẹ́ fọ́ ọkọ̀ ojú omi náà túútúú. Mo gbá a ní ibi tí a jó kẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ dún, apá mi sì kú tipiri. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò là. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi ní kí n dúró ṣì wà nínú irin yẹn, mi ò sì lè fọ́ ọ.

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Mo tan iná, mo jó díẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ ara mi kàn án. Ó jó mi. Mo jókòó tì í títí ó fi tutù.