Ẹja Tó Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì ní Ìlaròó

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè, àbúrò mi obìnrin kọ̀ láti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹja ló ń tà ní Ìlaròó, kì í ṣe èyí tí à ń jẹ o, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà tí wọ́n ń sìn sínú àpótí gíláàsì fún ìwòran. Láti Èkó ni wọ́n ti ń kó wọn wá fún un nínú ọ̀rá. Àwọn ará àdúgbò ní kó fi ìrànù sílẹ̀, kó máa ta gààrí, torí ìrẹsì ti di nǹkan àwárí. Èsì rẹ̀ ò yí padà: "Ẹja ni mo ń tà níbí."

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nígbà yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo bá a tó tẹjú mọ́ àpótí kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan yìí. Ó bá àwọn yòókù wá ni, n ò béèrè fún un."

Ẹja kékeré pẹlẹbẹ kan ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ní tóótòòtó dúdú lára. Mo kọ́kọ́ pè é ní irú àrọ̀ tó máa ń fi ẹnu fa ara gíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo wo ikùn rẹ̀ láti òdì kejì, ẹnu rẹ̀ kéré, kò sì fi di nǹkan kan mú. Lẹbẹ rẹ̀ tó nà yí gbogbo ara ká bí agbòjò ló fi di gíláàsì mú. Mo wá àwòrán lórí fóònù, mo fi wọ́n wé e títí ó fi dá mi lójú. Lóòṣì ni wọ́n ń pè é, ẹja odò tó ń ṣàn láàárín àpáta lórí òkè, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ó ń mí gúlegúle torí omi náà móoru. Àbúrò mi gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi wá, ó sì ju ike omi dídì sínú àpótí náà.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì nítorí ẹrù fàyàwọ́ fi wọlé. Ó wo ẹja náà.

"Èyí kì í ṣe ẹja ilẹ̀ wa. Ṣé láti Kútọnu lẹ ti kó o wọlé?"

"Rárá, ọ̀gá," ni àbúrò mi fèsì. "Ẹja Ṣáínà ni. Bàálù ló gbé e dé Èkó."

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ikùn rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, mo sì ṣàlàyé fún un. Síbẹ̀ ó ní òun máa gbé e lọ fún ọ̀gá òun wò. Àbúrò mi fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ẹja náà.

"Ẹ ní kí ọ̀gá yín máa bọ̀ níbí. Tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò nínú omi yìí, ó máa kú. N ò ní dìde."

Èmi náà jókòó tì í. Ọkùnrin náà mirí, ó jáde. A dúró di ìgbà tí àbúrò mi máa ń tilẹ̀kùn. Ẹnì kankan ò wá.

Ẹja náà lo oṣù mélòó kan sí i kó tó kú. Wọn ò tíì ṣí ẹnubodè nígbà náà. Èmi àti àbúrò mi fúnra wa la lọ ra òmíràn ní Èkó. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dá wa dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ní kí ló wà nínú ọ̀rá, mo pe orúkọ rẹ̀ fún wọn ketekete, mo sì gbé e sókè kí wọ́n wò ó.