Ọjọ́ Tí Mo Gbé Imú Ti Imú Ẹkùn

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi gan-an, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀, tí mo bá ti ń sọ ọ́ fún àlejò, ilé ìdáná ló máa ń sá lọ kí wọ́n má baà pè é ní ẹlẹ́rìí.

Nígbà yẹn, owó epo rọ̀bì ti dé. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń wá ibi tó máa páàkì mọ́tò sí. Èmi náà, tíṣà kékeré ní Ìsọlọ̀, ti ra ọkọ̀ ìjàpá kan, àlòkù, tó máa ń húkọ́ bí àgbàlagbà. Mo sì ti rí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ló kù.

Télọ̀ ni bàbá náà ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí i, lápá Ẹ̀gbá lọ́hùn-ún. Kò fẹ́ràn tíṣà. Ó ní ẹnu wa ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tó bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe, mo wo ìbọn tó fi kọ́ ara ògiri, mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Ọdẹ ni, sà.”

Káfíńtà ni bàbá mi. Adìẹ Kérésìmesì gan-an, ìyá mi ló máa ń bá a pa á.

Látọjọ́ náà ni bàbá ọmọbìnrin náà ti sọ mí di “ọmọ ọdẹ”, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kí n wá kàn án pa, mo gbọ́ pé yunifásítì kan ní músíọ̀mù tí wọ́n kó ẹranko igbó sí: wọ́n á bó awọ ẹran tó ti kú, wọ́n á ki nǹkan sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e dúró bí ẹni pé ó fẹ́ máa lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kó bàbá, ìyá àti ọmọ wọn sínú ìjàpá mi, ó di músíọ̀mù.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ìyá kí egungun erin pé ó kú ìdúró. Bàbá ní ọ̀nì wọn ti gbẹ jù. A wá dé iwájú ẹkùn kan tó dúró lórí pákó, tí wọ́n fi okùn yí ká, tí ojú rẹ̀ ń dán bí ìgò. Mo ní àkókò mi dé. Mo fo okùn náà, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé imú mi ti imú ẹkùn.

“Bàbá mi ti pa irú èyí mẹ́ta,” ni mo wí. “Tí wọ́n bá ti gbé e délé, wọ́n á ní káwa ọmọ tò, ká máa wò ó lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, káyà wa lè le.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá ti kọjú sí ògiri. Ọmọbìnrin mi ń gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó fi fìlà náà bo ẹkùn lójú.

Ohun tí n kò mọ̀ rèé: ọdẹ tó bá pa ẹkùn, kó tó gbé e wọ̀lú, ojú ẹran náà ni yóò kọ́kọ́ bò. Ará ilé kò gbọdọ̀ rí i, ká má tíì sọ tàwọn ọmọdé tó máa tò síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú mọ èyí.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré dé. “Bàbá, ẹ mú fìlà yín kúrò lójú ẹran ìjọba! Àbí ó sọ fún yín pé òtútù ń mú òun ni?”

“Ojú ló ń tì í,” ni bàbá dáhùn. “Ó rí ọmọ ọdẹ.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀, ọ̀dàlẹ̀, bá a lọ́wọ́ sí i.

Títí a fi dé Bọ́ládé, ìjàpá mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju kó jàn án lọ. “Má jáde láàárọ̀ ọ̀la o. Mò ń bọ̀ wá fún ọ lésì.”

Mo mọ̀ pé ìyàwó ti bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì bọ́jú tí bàbá fi kanlẹ̀kùn yàrá mi. Ó ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé àpò kan dání. Aṣọ ìbora ni mo ró jáde sí i. Ó wọlé, ó tú ẹnu àpò, ọ̀yà ńlá kan fò jáde, láàyè!

“Òkè-Àfà ni wọ́n ti dẹkùn mú un,” ni ó wí. “Ọmọ ọdẹ, pa á.”

Ọ̀yà gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gba orí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó gba àárín ẹsẹ̀ mi. Èmi gba orí tábìlì. Àwọn ayálégbé ti kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì ń pariwo: “Tíṣà, ẹ rọra o, aṣọ yín ti ń tú!”

“Káfíńtà ni, sà!” ni mo kígbe. “Káfíńtà ni bàbá mi! Ẹ jọ̀ọ́, sà!”

Bàbá wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọn ṣòkòtò fún mi. “Káfíńtà. Ó ti wá wúwo tó yẹn lẹ́nu? Irọ́ ni mo kọ̀, n ò kọ káfíńtà. Ní kí bàbá rẹ wá rí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.”

Mo fẹ́ fò sílẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀, ọ̀yà tún yọrí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orí tábìlì náà ni mo ti dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ọ̀yà yín ńkọ́?”

“Tèmi kẹ̀? Àna mi ni mo gbé e wá fún.”

Ó lé àwọn ayálégbé kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò fẹ́ pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fa ilẹ̀kùn dé mọ́ èmi àti ọ̀yà.