Fáàfù Mẹ́rin Lókè Omi

Àwọn ará ìlú tó ń ṣí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ láti bọ́jú kì í rò ó rárá pé ẹnì kan ti jí ṣáájú wọn kí omi náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkùnrin kan ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká, dúdú epo sì ti wọ èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Bàbá Olómi ni wọ́n ń pè é. Orí òkè kékeré kan lẹ́yìn ìlú ló ń gbé, nínú yàrá méjì tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ilé ẹ́ńjìnnì. Tó bá dùbúlẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín orí rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì tó ń gbé omi lọ sínú ìlú.

Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ìṣó mẹ́fà ló wà lára ògiri tí wọ́n ń fi ẹ̀wù iṣẹ́ kọ́. Àwọn kan fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé àwọn kan lọ síbòmíràn, ọ̀kan ṣaláìsí. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nígbà yẹn, àmọ́ irin àárín ìkejì ṣẹ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n da tapólì bò ó, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Títí di òní, wọn ò tíì dé.

Ìyàwó rẹ̀ náà ò sí nílé. Ọmọ wọn obìnrin bí ìbejì lọ́nà jíjìn, ìyá rẹ̀ sì lọ bá a tọ́jú wọn. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò. Ó ti wọ ọdún kẹta báyìí. Kì í ṣe pé wọ́n jà. Ọmọ ò tíì rìn, ọmọ ń yọ eyín, ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ lọjọ́ ń sún mọ́jọ́. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè é lórí fóònù.

“Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹun.”

“Ṣé ẹ kì í jókòó sójú kan ṣáá?”

“Mò ń rìn kiri.”

Àwọn ìbejì á bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀, á ní òun ń bọ̀, fóònù á sì dákẹ́.

Nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí Bàbá Olómi lè bá sọ̀rọ̀, ó máa ń kí ẹ́ńjìnnì. “Ẹ káàárọ̀ o,” ni yóò wí, tí yóò sì tẹrí ba díẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kí òun tó dé, kò sì yẹ kí òun máa fi “o” bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó kí i, kò dáhùn. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì yí, ó yí títí, kò gbáná. Ìgbà tó máa fi gbáná, bátìrì ti ń kú lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó ń tú èéfín funfun, ó sì ń tiro bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí ló tó fara balẹ̀. Bàbá Olómi pààrọ̀ asẹ́ epo, ó tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí. Lọ́jọ́ kẹta, kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ó tú orí páìpù kan níbi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí epo kún ibẹ̀ dẹ́nu. Páìpù gbẹ táútáú.

Ohun tó ṣe é yé e nígbà yẹn. Orí pọ́ńpù tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì, fáàfù kéékèèké mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan tí epo ti ń jó, wọn ò tóbi ju orí ìka lọ. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí epo kọjá lọ sókè, kí wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn kó má lè padà. Tí wọ́n bá ti gbó, epo á rọra máa sá padà ní gbogbo òru, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa wá oúnjẹ tí kò sí nínú àwo.

Ó pe ọ́fíìsì àgbà. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ló gbé e.

“Bàbá, a ní fáàfù yẹn. Ẹni tó máa fi í síbẹ̀ la ò ní.”

“Ọ̀gá tó ń ṣe pọ́ńpù ńkọ́?”

“Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti èṣín. Ẹ fi í síbẹ̀ fúnra yín, bàbá. Ṣebí ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀.”

Awakọ̀ tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá ló bá wọn gbé fáàfù náà dé, mẹ́rin nínú páálí kékeré, wọ́n fi bébà olóròóró wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Olómi gbé e sórí tábìlì, ó ń wò ó. Kò sí ibi tí kò tíì tú lára ẹ́ńjìnnì yẹn rí, àfi inú pọ́ńpù epo. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kàn án. Ọ̀gá Tẹ́tí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé á fi ìdí irin gígùn kan sétí, á fi orí rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, á wá sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n tẹ́tí. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nínú ìlú lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ. Bàbá Olómi lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà ibẹ̀, kò sì sí ìdí kan gúnmọ́ tó lè sọ. Ojú ń tì í báyìí láti lọ torí pé òun nílò nǹkan.

Síbẹ̀, ó lọ. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí táǹkì fi kún lọ́jọ́ kẹrin, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, ó ki páálí náà bọ àpò.

Aránṣọ náà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú. Ó dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. “Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín. Bàbá kì í dá èèyàn mọ̀ mọ́. Èmi tí mo ń gbọ́únjẹ fún wọn gan-an, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ní èmi ni àǹtí àwọn.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Àmọ́ obìnrin náà ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ọ̀gá Tẹ́tí jókòó lábẹ́ fèrèsé, ó ti rù, ṣùgbọ́n wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa. Àwo bọ́tìnnì kan wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n sínú agolo, ńlá síhìn-ín, kékeré sọ́hùn-ún. Ọmọ rẹ̀ ló ń kó o fún un kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa ṣófo.

Bàbá Olómi dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàsán, ọ̀gá.”

“Ẹ káàsán o. Ẹ dìde, ẹ jókòó.” Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. “Aṣọ yín ò tíì yá o. Ọmọ mi ṣì ń ṣe é lọ́wọ́.”

“Kì í ṣe aṣọ ni mo bá wá, ọ̀gá. Èmi ni. A jọ ṣiṣẹ́ lókè omi.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí, ó sì tún kọjú sí bọ́tìnnì rẹ̀.

Gbogbo ohun tí Bàbá Olómi ti ń rò láti orí òkè wá pé òun máa sọ ò wúlò mọ́. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ bó ṣe ń ya bọ́tìnnì sọ́tọ̀. Nígbà tó ṣe, ó tú bébà kan nínú páálí, ó fi fáàfù kan sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà.

Bàbá náà kò bi í pé kí nìyí. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó fa fáàfù náà yọ nínú ìdí rẹ̀, ó fi orí ìka dí ihò ìsàlẹ̀, ó dá a padà síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Fáàfù náà ta sókè díẹ̀ bíi pé nǹkan rírọ̀ kan gbé e.

“Eléyìí ń mí,” ló wí. “Mú òmíràn wá.”

Ìkejì ń mí. Ìkẹta ń mí. Ìkẹrin já lulẹ̀ gbì sínú ìdí rẹ̀, kò padà sókè.

“Eléyìí ti kú.”

“Tuntun ni gbogbo wọn, ọ̀gá.”

“Mo gbọ́ ọ. Ó ti kú. Tó o bá fi í síbẹ̀, sìlíńdà yẹn ò ní jẹ́ kó o gbádùn.”

Bàbá Olómi gbọ́ “o” yẹn dáadáa. Láti ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣaláìsí, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. “Bàbá” ni gbogbo ayé ń pè é. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú bí ọmọ iléèwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Báwo ni wọ́n ṣe ń tú u?

“Kọ́kọ́ fọ ara pọ́ńpù náà. Tó o bá fọ̀ ọ́ tán, tún un fọ̀. Iyanrìn tí ojú rẹ ò rí ló máa pa á. Tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má kó wọn pọ̀ mọ́ra. Fáàfù yìí àti ìdí rẹ̀, tọkọtaya ni wọ́n, ilé kan náà ni wọ́n ti ṣe wọ́n mọ́ra. Tó o bá gbé ìyàwó eléyìí fún ìyẹn, wọn ò ní gbọ́ra wọn yé. Wáṣà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò, fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Tó o bá ń dè é padà, dè é, tú u, tún dè é, nígbà mẹ́ta, kó lè mọ ibi tó máa jókòó sí. Má fi agídí dè é.”

Ó sọ ọ́ láìdánu dúró, bí ẹni tó ń ka ìwé. Lẹ́yìn náà ló wò ó lójú.

“Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá.”

Bàbá náà mi orí. “Èmi kọ́. Ẹni tí èmi kọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni. Orí rẹ̀ pé, àmọ́ kì í bèèrè nǹkan. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń tú pọ́ńpù, mo máa ń retí pé kó bi mí. Kò bi mí títí mo fi kúrò.”

“Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.”

“Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mi ò ní kí wọ́n má bèèrè.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Olómi lára ṣinṣin. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ló ń ba òun, pé òun rò pé ọ̀gá ò ka òun sí ẹni tó yẹ. Kí ó tó rí i sọ, ojú bàbá náà ti padà sínú àwo. Ó ti mú bọ́tìnnì kan, ó ń wá agolo tí yóò sọ ọ́ sí.

Ó délé kí oòrùn tó wọ̀, kò sì lè jẹun. Ibi tí yóò ti rí ìkẹrin ló ń rò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ká tapólì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Irú kan náà ni méjèèjì, wọ́n sì ti tún pọ́ńpù ìkejì yìí ṣe kù díẹ̀ kí irin àárín rẹ̀ ṣẹ́. Ó tú fáàfù àkọ́kọ́, ó fi ìka dí i lábẹ́ bó ṣe rí i lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó já lulẹ̀. Ìkejì já lulẹ̀. Ìkẹta ta sókè, ó sì dúró. Òun àti ìka rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè pé, “Ó ń mí.”

Ó wá kọjú sí pọ́ńpù ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tú páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dí ẹnu wọn. Ó tú àkọ́kọ́, ó yọ sípíríǹgì, ó fa fáàfù jáde pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ó fi epo mímọ́ ṣan tuntun, ó gbé e wọlé. Nínú ihò kẹta, tọ́ọ̀ṣì fi wáṣà àtijọ́ hàn án, òrùka pẹlẹbẹ kan, ó ti dúdú, ó jọ ìsàlẹ̀ ihò fúnra rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n sọ fún un, orí rẹ̀ ni ìbá de tuntun lé. Ó dè wọ́n, ó tú wọn, ó tún dè wọ́n. Ó tú afẹ́fẹ́ jáde títí epo fi ń ṣàn láìsí ìfófòó.

Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbáná lọ́gán. Èéfín funfun ò sí, títiro ò sí. Ó dúró tì í fún wákàtí kan, ó ń fi ìka kan orí páìpù kọ̀ọ̀kan, kò rí ibi tó ń jò. Lẹ́yìn náà ló jáde síta, ó wo ìlú nísàlẹ̀. Ẹnì kan ń fọ mọ́tò. Obìnrin kan ń bomi rin òdòdó. Kò sí ẹni tó gbójú sókè.

Ó pe ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì lọjọ́ náà.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni ìyẹn wí.

“Kò sí nǹkan. Ẹ́ńjìnnì yẹn ti ṣiṣẹ́ ni. Èmi ni mo pààrọ̀ fáàfù rẹ̀.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rù ti bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan nínú wọn ń gun àga, màá pè yín padà.”

Kò pè padà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú ló pè, ó sì sọ fún un pé àwọn ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ iléèwé láìpẹ́, òun máa dúró tì wọ́n títí ara wọn á fi mọlé. Bàbá Olómi ní kò burú. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga mẹ́fà yẹn, kò mọ ìgbà tí tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi tutù.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń lọ sílé aránṣọ. Ó máa ń fi aṣọ wé irin kan lọ, nọ́súlù tó ń fọ́n epo lọ́sẹ̀ yìí, sípíríǹgì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà ló ń sọ ẹni tí òun jẹ́, gbogbo ìgbà ni wọ́n sì ń sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ ò tíì yá. Irin ni bàbá náà ń mọ̀. Tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, á sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, Bàbá Olómi á sì kọ ọ́ sínú ìwé kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn òun.

Lọ́jọ́ kan, òjò dá a dúró, ó pẹ́ kó tó dé. Aránṣọ bá a lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń bèèrè yín láti àárọ̀.”

Ó yára bèèrè. “Wọ́n dárúkọ mi?”

“Rárá o. Wọ́n ní ṣé ọkùnrin tó ń rùn dísẹ́ẹ̀lì yẹn ò ní wá lónìí ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbóòórùn apá aṣọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti rin gbingbin, ó gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá lọ sẹ́yìn ilé, ó sì jókòó fún wákàtí kan kí ó tó gbéra padà sókè lọ tan ẹ́ńjìnnì fún omi ìrọ̀lẹ́.