Shuaib Onífótò, Ilé Iná Etíkun, àti Ojú Ràbíátù

Gbogbo ẹni tó bá mọ olóògbé Shuaib Àjíṣọlá, onífótò Onígbòǹgbò, ló mọ ìtàn ọjọ́ tó fi ẹ̀yìn rìn wọ inú òkun. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ló kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ najú létíkun lóṣù Kejìlá, wọ́n sì ní kí Shuaib wá ya fótò gbogbo wọn papọ̀. Ilé gogoro kan wà ní etíkun yẹn tí iná wà lórí rẹ̀, tó máa ń fọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi. Ilé iná ni Shuaib ń pè é. Ó to ogójì èèyàn síwájú rẹ̀, ó wo inú kámẹ́rà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Orí ilé iná kò wọlé.

"Mi ò kí ń gé nǹkan lórí," ló wí, ló bá sún sẹ́yìn.

Ó tún sún. Omi dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá, omi o."

"Mo mọ̀ pé omi ni. Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀? O ti ba ìlà jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

"Iwájú ni fótò wà."

Bó ṣe tẹ kámẹ́rà báyìí ni ìgbì dé, tó gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde, aṣọ, fìlà àti irùngbọ̀n rẹ̀ ló tutù rinrin, àmọ́ ọwọ́ tó fi di kámẹ́rà mú ṣì wà lókè, ó gbẹ. Ó pọ omi tó mu, ó ní, "Ẹ padà sáyè yín, a máa tún un yà." Wọ́n tún un yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ náà gbé kọ́ sára ògiri: ilé iná dúró pé láti ìdí dé orí, gbogbo òṣìṣẹ́ la ẹnu, mẹ́ta sì ń sáré bọ̀. Ọ̀gá tuntun kan dé lẹ́yìn ọdún méjì, ó wo fótò náà títí, ó wá béèrè ohun tó ń lé wọn.

Ọmọ Agége ni Shuaib. Ó ní láti kékeré òun, ibikíbi tí ojú òun bá fẹ́ lọ, ògiri ilé iṣẹ́ á ti dúró dè é níbẹ̀. Ìgbà tí òun dé etíkun ni òun tó mọ bí ojú òun ṣe lè rìn jìnnà tó. Bó ṣe di pé ilé iná gba gbogbo ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn, fótò mẹ́rìndínlógún, ilé kan náà.

Nígbà kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lọ́lá sáré wá láti Ọ̀pẹ́bí, ó fẹ́ ya páàsípọ́ọ̀tù tó máa fi gba físà. Shuaib nawọ́ sí ògiri.

"Nínú gbogbo èyí, èwo ló wù ọ́ jù?"

"Dádì, ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?"

Shuaib pa iná ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ti ṣíwọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni o. Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀, ló sáré bá ọmọ náà dé ẹ̀bá títì, tó bẹ̀ ẹ́, tó sì kọ́ ọ pé kó sọ pé ìkẹfà lápá òsì ló wu òun, nítorí ìkùukùu inú rẹ̀. Lọ́lá sọ bẹ́ẹ̀. Inú Shuaib dùn débi pé ó ya páàsípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀mejìlá, ó sì ń ṣàlàyé ìkùukùu títí ọmọ náà fi pẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Ràbíátù máa ń sọ ìtàn wọ̀nyí, á sì máa rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni kì í pa á lẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlélógún ló fi jẹ́ ìyàwó onífótò láìní fótò kan tí ọkọ rẹ̀ yà tí ojú rẹ̀ hàn níbẹ̀.

Ọjọ́ yìgì wọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí onífótò tí wọ́n gbà ṣe ń di kámẹ́rà mú kò tẹ́ ọkọ ìyàwó lọ́rùn, ló bá dìde, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo fótò ọjọ́ náà, Ràbíátù jókòó, ìbòjú bò ó dé àyà, àga òfìfo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sọ̀fíyàt, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní bí kì í bá ṣe pé ojú òun ló ṣe, òun ì bá sọ pé àga ni wọ́n so yìgì àbúrò òun mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn méjèèjì á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun lọ́jọ́ Àìkú. Ràbíátù á wọ léèsì, á lé tìróò. Shuaib á ní kó lọ dúró sí ìdí ilé iná, òun á sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ.

"Bàbá Bàrákàt, ẹ ti jìnnà jù."

"Bí èèyàn ò bá sí níbẹ̀, báwo làwọn èèyàn á ṣe mọ̀ pé ilé náà ga?"

Tí fótò bá jáde, ilé iná á ga, ìyàwó á rí bí ẹyọ ẹ̀wà kan nídìí rẹ̀. Sọ̀fíyàt gbé ọ̀kan sójú, ó béèrè pé, "Ṣé ìwọ nìyí, àbí báàgì?"

Ọjọ́ yẹn ni Ràbíátù bínú. "Ojú gbogbo Ìlúpéjú lẹ ti yà tán. Ọjọ́ wo lẹ máa ya tèmi?"

"Màá yà á. Irú ojú tìrẹ, wọn kì í kánjú yà á."

Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ohun tó sì ń dun Ràbíátù gan-an nìyẹn. Ọdún ń lọ, irun rẹ̀ ń funfun. Nígbà mìíràn á rò ó pé bóyá lójú ọkọ òun, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ilé lásán ni òun, àti pé kò tíì fara balẹ̀ wo òun rí. Ó ń sunkún sí i nígbà mìíràn, ní kọ̀rọ̀.

Ọdún tó kọjá ni ojú Shuaib bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfìgbà tó ya oníbàárà rẹ̀ kan, Àlàájì Suara, láìsí etí ọ̀tún ni Ràbíátù tó mọ̀. Dókítà ní nǹkan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Wọ́n ṣì lọ sí etíkun. Shuaib wo inú kámẹ́rà títí, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí iyanrìn, ó na kámẹ́rà sí ìyàwó rẹ̀.

"Mi ò rí ẹ̀gbẹ́ ilé náà mọ́. Ìwọ yà á. Èmi á dúró."

Ràbíátù ò di kámẹ́rà mú rí. Ó gbé e sójú, ó rí ọkọ rẹ̀ nínú rẹ̀, fìlà tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú tó ń dọdẹ ìmọ́lẹ̀ kiri. Dípò kó fi ẹ̀yìn rìn, ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kámẹ́rà onífíìmù ni, nítorí náà ó di ọjọ́ kẹrin kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Shuaib gbé fótò náà mọ́ ojú rẹ̀ tó sàn ju èkejì lọ.

"Níbo ni ilé iná wà?"

"Mi ò rí i."

"Ilé tó ga tó yẹn?"

"Ẹ̀yin ni mò ń wò."

Shuaib di fótò náà lọ́wọ́ títí ìpè ìrun Àsárì fi dún. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ àwọn oníbàárà, ó gbé àga síta sínú ìmọ́lẹ̀, ó ní kí Ràbíátù jókòó. Kò sí òkun níbẹ̀, ògiri aládùúgbò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Shuaib fa àga tirẹ̀ mọ́ ọn débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló sùn tí kò jí mọ́. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín. Bàrákàt, ọmọ wọn, gbé fótò ọjọ́ náà kọ́ sí pálọ̀. Ẹnu Ràbíátù là gbayawu níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Àwọn tó bá wá kí i máa ń béèrè ohun tó fa irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ó máa ń sọ fún wọn pé òun ti jókòó tó wákàtí kan lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ti ń dun òun, òun wá ní, "Bàbá Bàrákàt, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Ó ní ọkọ òun gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà, ó sì dá òun lóhùn pé, "Mi ò tíì wò ẹ́ tán ni."