Ilẹ̀kùn tí Mo Yọ Sára Ògiri

Ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé mi àti ti bàbá aránṣọ, ní Ìlá níbí. Bàbá mi ló fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, ó sì ga jù mí lọ. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ìyàwó mi sì ti kú, orí ògiri yẹn ni ọ̀rọ̀ mi ń gbà kọjá. Bàbá aránṣọ á wúkọ́ lọ́hùn-ún, èmi náà á wúkọ́ níbí, ni a ó bá máa jiyàn lórí ìròyìn tí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán.

Kí bàbá tó lè dé ọ̀dọ̀ mi, àfi kí wọ́n gba títì yípo, kí wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú mọ́ṣáláṣí, orúnkún wọn ò sì gbà fún wọn mọ́. Lóòótọ́, èmi ń lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ṣófo mọ ohun tí mò ń wí: mo fẹ́ kí ẹnìkan wọlé mi.

Mo bá ní n ó yọ ilẹ̀kùn sára ògiri náà. Bíríkìlà tí mo pè gbé òòlù ràbàtà dé. Mo ní, "Ẹ gbé e padà, jàre!" Ògiri àtijọ́ lèyí, bó bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ á wó. Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun ló fi ayùn oníná kan ránṣẹ́ sí mi. Abẹ rẹ̀ ń sáré lọ sáré bọ̀ bí eyín ẹni tí òtútù ń mú, ó sì ń gé búlọ́ọ̀kù láìmi ògiri.

Mo sọ fún bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. "Tíṣà, má gé ara ẹ lọ́wọ́ o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo ní kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n máa múra àtiwá jẹ iṣu.

Iná ìjọba ló yọ mí lẹ́nu. Bó bá dé láàárọ̀, kí á tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo gé. Lọ́jọ́ kejì, mo gé òkè, abẹ méjì sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo so aṣọ mọ́ imú, mo dí etí méjèèjì, mo kọjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó kù.

Òjìji ẹnìkan ṣubú sára ògiri. Mo mọ̀ pé ó dúró lẹ́yìn mi, mo sì rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́. Èmi ò sì fẹ́ kí iná lọ. Mo ju ọwọ́ òsì sẹ́yìn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, mi ò yíjú. Òjìji náà kúrò.

Nígbà tí mo yọ búlọ́ọ̀kù tó gbẹ̀yìn, mo pariwo, "Bàbá o! Ọ̀nà ti là! Ẹ máa bọ̀!" Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Mo gba ẹnu ọ̀nà tuntun náà wọ ẹ̀yìnkùlé wọn, mo bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn.

Ìyá ẹlẹ́kọ iwájú títì ló sọ fún mi. "Ẹ ò mọ̀ ni? Ọmọ wọn ti wá gbé wọn lọ sí Èkó, ó ní wọn ò lè dá gbé mọ́. Wọ́n ní kí mọ́tò dúró níwájú ilé yín, wọ́n wá dágbére fún yín, mo sì tẹ̀lé wọn dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kí yín. Nígbà tí mo ní kí n fọwọ́ kàn yín, wọ́n ní kí n fi Tíṣà sílẹ̀, iná lè lọ."

Ọ̀dẹ̀ ni mí! Mo pe fóònù wọn. Etí wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ fóònù, "Ta nìyẹn?" ni wọ́n ń pariwo títí káàdì fi tán.

Mo padà sílé láti lọ wẹ̀. Eruku búlọ́ọ̀kù ti fẹ́ wọ pálọ̀, ó bo gbogbo àga pátá, àfi ọ̀kan tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Eruku orí ìyẹn ti nù kúrò níbi tí ènìyàn ń fìdí lé. Bàbá ti wọlé mi. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí kí ayùn mi dákẹ́.